Òṣùwọ̀n alábọ́ méjì àti ti oníbátìrì: ọmọ tí wọ́n tọ́ sẹ́yìn káńtà ló ń sọ̀rọ̀

Kí n kúkú ti sọ ibi tí mò ń lọ kí ẹ má baà kà á títí kẹ́ ẹ tó mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá òṣùwọ̀n sí ṣọ́ọ̀bù kékeré, tí àwọn ọmọ yín á sì máa bá yín tajà níbẹ̀, ẹ ra ti alábọ́ méjì, ti àtijọ́ yẹn, èyí tí ọjà máa ń wà nínú abọ́ kan tí irin ìwọ̀n á wà nínú ìkejì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé èrò ń rọ́ wá tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ ráyè mí, ẹ wá ti oníbátìrì lọ jàre. Méjèèjì ni mo ti lò. Ọ̀kan, inú ilé ni mo bá a, èkejì, owó ara mi ni mo fi rà á, torí náà kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ pé kí n wá yin ohunkóhun fún yín.

Ẹni tó bá dàgbà sínú ṣọ́ọ̀bù abúlé á ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe pé bàbá jáde lọ síbi iṣẹ́ tó sì padà dé nírọ̀lẹ́ o, ibi iṣẹ́ náà ni ilé, ilé náà ni ibi iṣẹ́. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, kọ́tìnnì ló pín in níyà sí ibi tá a ń sùn, tẹ́nì kan bá sì kanlẹ̀kùn lóru pé àbẹ́là òun ti tán, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí nínú wa ló máa lọ dá a lóhùn. Bàámi ló ń ra ọjà wọlé, màámi ló ń tà, ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbẹ́rù, èmi tí mo kéré jù nígbà náà, wọ́n ní kí n máa wo iwájú. Ẹ má fojú kékeré wo wíwo iwájú yìí o, iṣẹ́ gidi ni. Ẹ máa mọ ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó kàn wá fara tì, ẹ máa mọ ẹni tó ń rá pálá nídìí ọṣẹ torí ó ń dúró kí àwọn yòókù lọ kó lè tọrọ àwìn. Màámi ní ìwé kan fún àwọn aláwìn, ìwé ọmọ iléèwé lásán ni, wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn, ẹni tó bá san, wọ́n á fa ìlà sórí orúkọ ẹ̀ níṣojú ẹ̀, ẹni tí ò bá san, màámi ò ní pariwo, wọ́n kàn máa ṣí ojú ewé yẹn sílẹ̀ lórí káńtà tí wọ́n bá ti rí onítọ̀hún lọ́ọ̀ọ́kán. Ó máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ! Àmọ́ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n la wá sọ.

Àárín káńtà ni òṣùwọ̀n alábọ́ méjì wa máa ń jókòó sí. Irin dúdú ni ara ẹ̀, idẹ ni abọ́ méjèèjì, ọwọ́ tó ti kàn án láti ọdún gbọ́nhan ti jẹ́ kí etí idẹ yẹn máa dán, àmọ́ àárín ẹ̀ ti há gátagàta torí ìṣó tá à ń dà sí i. Nígbà tí mo ṣì kéré, ojú mi àti abọ́ yẹn dọ́gba, ohun tí àwọn àgbà ń wò látòkè, ẹ̀gbẹ́ ni èmi ti ń wò ó, mo máa ń rí i bí abọ́ kan ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tí ìkejì ń gòkè, tí ọ̀kankan nínú wọn ò sì ní yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Láàárín, irin ṣóńṣó méjì ló dojú kọra wọn bí ẹnu ẹyẹ, tí ṣóńṣó méjèèjì bá ti pàdé, ọjà ti pé nìyẹn. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ìwé kíkà níbẹ̀. Ìyá àgbà tí ò mọ̀wé rárá á rí i fúnra wọn, kódà wọ́n á ti sọ pé "ó tó" kí ẹni tó ń tà á tó lanu.

Onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Faransé, Gilles Personne de Roberval, ló gbé irú òṣùwọ̀n yìí jáde lọ́dún 1669. Kó tó dìgbà náà, ńṣe ni abọ́ máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá òṣùwọ̀n, okùn tàbí ṣéènì á yí i ká, tẹ́ ẹ bá fẹ́ da nǹkan sí i okùn á máa dí yín lọ́wọ́. Roberval gbé abọ́ sórí ọ̀pá. Ọgbọ́n tó dá sí i ni pé ọ̀pá méjì ló lò, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, gígùn wọn dọ́gba, irin méjì tó nàró ló so wọ́n pọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gbogbo oríkèé wọn ló sì ń yí, ìdí nìyẹn tí abọ́ fi ń lọ sókè sódò tí kì í dà. Èyí tó wá ya èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu jù ni pé ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé ẹrù sí nínú abọ́, àárín ni o, etí ni o, ìwọ̀n ẹ̀ ò ní yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní irọ́ ni, ẹni tó jókòó sí ìpẹ̀kun pákó máa ń tẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó jókòó sáàárín lọ, kí ló wá dé tí ti òṣùwọ̀n ò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀. A ti irin síwá, a tì í sẹ́yìn, ṣóńṣó méjèèjì ò kúrò lójú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ àlàyé ẹ̀ ò le: torí pé abọ́ ò dà, gbogbo ojú abọ́ náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, etí ò sọ̀ kalẹ̀ ju àárín lọ, torí náà kò sí ibi tí ẹrù lè wà tó máa fi rí àǹfààní kankan. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe èyí kò ní gbàgbé ẹ̀, ẹ lọ fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ wò.

Ibi tó ti gba máàkì jù lọ́wọ́ mi wá nìyí, ọ̀rọ̀ àwọn kọ́sítọ́mà sì ni. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń kánjú. Á bu ṣúgà rẹpẹtẹ, á dà á sábọ́ lẹ́ẹ̀kan, abọ́ á já lulẹ̀ gbì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú kúrò díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣe rẹ́gí. Ojú kọ́sítọ́mà á máa tẹ̀ lé síbí bó ṣe ń gbé ṣúgà padà sínú àpò, síbí kìíní, síbí kejì, ojú á ti fà ro, àfi bí ẹni pé wọ́n ń gbọwọ́ bọ àpò ẹ̀. Bàámi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Wọ́n á kọ́kọ́ da èyí tí ò pé sí i, tí abọ́ irin ìwọ̀n ò ní tíì mì, wọ́n á wá máa fi kún un, tó bá kù díẹ̀ wọ́n á fi síbí sílẹ̀, wọ́n á máa fi ìka mẹ́ta wọ́n ọn, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ á dákẹ́ máa wo irin ṣóńṣó yẹn, ìgbà tó bá wá pàdé tán, bàámi á tún wọ́n ẹ̀ẹ̀kan sí i, abọ́ ọjà á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ báyìí. Ènì nìyẹn. Ìwọ̀n kan náà lẹni tó rà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé lọ sílé o, yàtọ̀ sí fín-ín-fín tó gorí ẹ̀, àmọ́ ọ̀kan gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, èkejì gbà pé wọ́n ṣe òun lóore. "Máa fi kún un, má máa yọ kúrò níbẹ̀", ohùn bàámi ṣì wà létí mi títí dòní tí mo bá ń bu nǹkan fún èèyàn, kódà nílé ara mi.

Irin ìwọ̀n gan-an tó nǹkan tá a máa sọ̀rọ̀ lé. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 10, ó wá lọ báyìí: 10, 20, 20, 50, ẹ tún rí 100, 200, 200, 500, lẹ́yìn náà kílò kan. Mo ti bi màámi rí pé kí ló dé tí 20 àti 200 fi jẹ́ méjì méjì, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn, kí n lọ gbálẹ̀. Ó níṣẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá ní 1, 2, 2 àti 5, kò sí ìwọ̀n kankan láti 1 dé 10 tẹ́ ẹ ò ní lè kó jọ. Lọ́jọ́ kan irin 100 wa sọnù, mo fura sí àbúrò mi àmọ́ kò sí ẹ̀rí, ọjà ò sì lè dúró. Bàámi ò tiẹ̀ wá a. Ẹni tó bá fẹ́ 300, wọ́n á gbé 500 sí apá kan, wọ́n á gbé 200 sí apá kejì pẹ̀lú ọjà, ohun tó bá kù tó mú kó dọ́gba, 300 nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ 100 ńkọ́? 500 níhìn-ín, 200 méjèèjì lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọjà. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìyọkúrò, kì í ṣe inú kíláàsì. Ẹ wò ó, ará Faransé míì tó ń jẹ́ Bachet ti kọ̀wé nípa irú nǹkan yìí lọ́dún 1612, ó ní tẹ́ ẹ bá lè fi irin sí abọ́ méjèèjì, irin mẹ́rin péré, 1, 3, 9 àti 27, ti tó láti wọn gbogbo ohun tó bá wà láàárín 1 àti 40. Ẹ fún ọmọ yín ní òkúta àti ọ̀sán kan kó gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀ẹ́ sinmi.

Tẹ́ ẹ bá yí irin ńlá dojú dé, ẹ máa rí ihò tí wọ́n fi òjé dí. Kì í ṣe àléébù o. Irin tí wọ́n yọ́ dà kì í pé géérégé bó bá ṣe jáde, ńṣe ni wọ́n máa ń fi ihò sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi òjé kún un tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ títí á fi pé, wọ́n á wá lu òǹtẹ̀ mọ́ òjé náà. Ibẹ̀ náà sì lọ̀bàyéjẹ́ máa ń lọ tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ, á há òjé kúrò, irin á ṣì máa jẹ́ kílò kan lójú àmọ́ kò ní jẹ́ kílò kan lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò máa ń yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀, màámi á ti máa nu káńtà tí kò dọ̀tí. Irin tiwọn, inú àpótí tí wọ́n fi aṣọ tẹ́ ló máa ń wà, wọn kì í fọwọ́ lásán gbá a mú torí òógùn àti ọ̀rá ọwọ́. Irin tiwọn yẹn náà, irin míì ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn náà ní ọ̀gá tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lọ títí á fi dé ọ̀dọ̀ irin kan ṣoṣo tí wọ́n fi platinum àti iridium ṣe, tí wọ́n tọ́jú sí Sèvres nítòsí Paris láti 1889, òun ni kílò gbogbo ayé. 20 oṣù May 2019 ni wọ́n tó fẹ̀yìn ẹ̀ tì, nọ́ńbà kan tí kì í yí padà nínú físíìsì, tí wọ́n ń pè ní Planck constant, ni wọ́n ń lò báyìí. Inú mi máa ń dùn pé káńtà wa tí èkúté ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ bá irú ibi bẹ́ẹ̀ tan.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àléébù ẹ̀ náà. Ó wúwo, tó bá bọ́ sẹ́ni lẹ́sẹ̀ ẹ̀rín ò ní wáyé. Kò yára: ẹ máa dúró kó mì tán, tí èrò bá pọ̀ á ti máa sú yín. Eruku àti ìyẹ̀fun máa ń wọ oríkèé ẹ̀, tí iyọ̀ bá wá débẹ̀ ó ti di ìpatà, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀, ẹ máa fi kún ọjà kò ní mì, ẹ tún fi kún un á já lulẹ̀ lójijì. Ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ là ń tú u, à ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, iṣẹ́ tí mo kórìíra jù láyé nìyẹn. Káńtà tó bá sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, òṣùwọ̀n ò ní sọ òótọ́ níbẹ̀. Kì í sì í ṣe fún wúrà o, ìfarakínra oríkèé ẹ̀ pọ̀ jù, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà kan ṣì ń lo èyí tí abọ́ ń rọ̀ torí òun ló máa ń mọ̀ ọ́n lára tí ohun tín-ín-tín bá gùn ún.

Ó ku ti oníbátìrì. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe èyí tí mo rà. Tó bá kan yíyára, kò sí àríyànjiyàn, ẹ gbé ọjà lé e, nọ́ńbà yọ. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní tare ni mo fẹ́ràn jù, ẹ gbé ike lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó padà sí òdo, ẹ wá da ọjà sínú ike, ìwọ̀n ike ò sí lára ẹ̀ mọ́. Nílé wa, ike tó bá a dọ́gba la máa ń gbé sínú abọ́ kejì, tí kò bá sí, ọpọlọ ni. Ó tún ń ṣírò owó fún yín. Màámi ì bá fẹ́ràn ìyẹn.

Àmọ́ bátìrì! Tó bá ti ń kú lọ, kò ní sọ pé òun ń kú, nọ́ńbà á kàn máa fò ni. 495, 500, 505, 495, ẹ̀ẹ́ dúró kó yàn. Fáànù tó bá fẹ́ sí i lásán á dà á láàmú. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù tó ju agbára ẹ̀ lọ lé e lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè má padà sípò mọ́, torí ohun tó wà nínú ẹ̀ ni irin kékeré kan tó máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí ẹrù bá gùn ún, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin yẹn ló ń mọ̀ bó ṣe tẹ̀ tó, tí irin yẹn bá ti tẹ̀ kọjá ààlà, ó parí. Ti alábọ́ méjì, ẹ gbé ẹrù tó ju irin tó wà lápá kejì lọ lé e, á kàn já lulẹ̀ ni, ẹ gbé e kúrò, ìjà ti parí.

Ẹ sì máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á. Wọ́n lè kọ Max 15 kg, Min 100 g, e = 5 g. Max yé gbogbo wa. Min yẹn ni wọ́n fi ń ba ọjà jẹ́: ohun tí kò bá tó 100 gíráàmù, ẹ má fi irú òṣùwọ̀n yẹn tà á, torí ohun tí e yẹn ń sọ ni pé gíráàmù márùn-ún márùn-ún ló ń kà, ẹni tó bá ń ra 20 gíráàmù èròjà olówó ńlá, àṣìṣe ìbẹ̀ lè gba ìdá tó pọ̀ nínú ọjà ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì kọ sára ẹ̀ pé kì í ṣe fún òwò, inú kíṣìnnì ni kẹ́ ẹ fi sí.

Nǹkan kan tún wà tí ẹni tó ń tà á ò ní sọ fún yín. Oníbátìrì kì í fi ọjà wé irin, agbára tí ilẹ̀ fi ń fà á ló ń wọ̀n, agbára yẹn ò sì dọ́gba káàkiri ayé. Ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé, ilẹ̀ ń fa nǹkan ju bó ṣe ń fà á ní àárín gbùngbùn ayé lọ ní nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òṣùwọ̀n tí wọ́n tò ní àárín gbùngbùn ayé tí wọ́n wá gbé lọ síbẹ̀ láìtún un tò, á máa pe 1000 gíráàmù ní 1005. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tò ó síbi tí wọ́n máa ti lò ó, tẹ́ ẹ bá sì rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti òkèèrè, ẹ wá irin ìwọ̀n tó dájú kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Alábọ́ méjì ò ní ìṣòro yìí rárá, bí ilẹ̀ bá ṣe ń fa ọjà náà ló ṣe ń fa irin, ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Èyí tó ń dùn mí nípa oníbátìrì gan-an kò sì sí nínú ìwé tó bá a wá. Ẹni tó ń tà nìkan ló ń rí i dáadáa. Òótọ́ ni pé àwọn kan ní ojú méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, àmọ́ ẹ wo kọ́sítọ́mà, wọ́n kì í wo ọjà mọ́, nọ́ńbà owó ni wọ́n ń wò. Mo gbìyànjú ọgbọ́n bàámi lórí ẹ̀, mo ń wọ́n ọn wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ mi sì ń tẹ fóònù ẹ̀. Nígbà tí mo fi ènì sí i, owó tó yọ lójú ẹ̀ ga sí i! Mo ní láti máa ṣàlàyé pé kò kan ìyẹn, kó san ti tẹ́lẹ̀. Ènì tí wọ́n ń ṣàlàyé, ṣé ènì nìyẹn?

Máàkì: alábọ́ méjì, mẹ́rin nínú márùn-ún, ọ̀kan tó yọ jẹ́ ti gbígbá oríkèé. Oníbátìrì, mẹ́ta, tí bátìrì bá jẹ́ tuntun.

Àwọn tó bá fẹ́ ra àlòkù alábọ́ méjì, òun ló pọ̀ jù níta, ẹ má jẹ́ kí dídán ẹ̀ tàn yín. Ẹ wo abẹ́ abọ́ bóyá wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn, ẹ má sì pààrọ̀ abọ́ ọ̀tún sí òsì torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tò ó kí kálukú wà láyè ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lófìfo, ṣóńṣó méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Lẹ́yìn náà ẹ gbé kílò kan sí apá kan, ẹ da iyanrìn tàbí ìṣó sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí apá kejì títí á fi dọ́gba, ẹ wá pààrọ̀ wọn, kí irin lọ síbi tí ọ̀rá wà, kí ọ̀rá wá síbi tí irin wà. Tó bá ṣì dọ́gba, apá méjèèjì gùn bákan náà, ẹ sanwó. Tí kò bá dọ́gba mọ́, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, kò sí òróró tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó lè tún ìyẹn ṣe. Tí ẹni tó ń tà á bá sì ní kẹ́ ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan, pé ó pé, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.